Òkè Ìgbẹ́tì Nínú Gíláàsì

Bí ẹ bá dé Ṣàngó-Ọ̀tà tí ẹ béèrè Àmọ̀dá Olókùúta, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ ṣìnà. Ọmọ Ìwó ni. Bíríkìlà ni, ṣùgbọ́n bíríkìlà pọ̀ bí eèrà nílùú wa. Àmọ̀dá nìkan ló ń fi òkúta lásán ṣe ọ̀ṣọ́ síwájú ilé àwọn olówó, tí òkúta á jókòó lórí òkúta bí ẹni pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Iṣẹ́ náà ló fi gbé ìyàwó, òun ló fi tọ́ ọmọ, òun náà ló sì kọ́ ọ ní ìgbéraga. Kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀ òkúta. Bí ẹ bá dán an wò, tìkàtẹ̀gbin ni yóò fi wò yín.

Mùíbátù, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìgbẹ́tì ni, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó ti máa gbọ́ ọ, tó ń bá adìyẹ jà, tó ń fi ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e ṣubú lẹ́yìn ìrun Alásárì. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì bá wọn lọ. Dókítà ní ọ̀rọ̀ lè padà bó bá wù ú láti sọ ọ́. Kò wù ú. Ó kọjú sí ògiri pálọ̀, ó sì fi gbogbo ayé sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Ṣùkúrát, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń ti Ìjù wá wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, á bá a sọ̀rọ̀ títí, á sunkún, á sì lọ síbi òwò rẹ̀. Àmọ̀dá kò sunkún ní tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún: kóun gbọ́ ohùn obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan l'Ékòó ni ìrètí dé. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Omi òkun ló wà nínú rẹ̀, òkúta wà nísàlẹ̀, àwọn ẹja aláràbarà sì ń gba àárín òkúta kọjá. Mùíbátù tí kì í wo ẹnikẹ́ni yí ojú padà. Ó fi ojú tẹ̀ lé ẹja kan, bó ti ń wọ ihò tó tún ń jáde, ètè rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde ni wọ́n pè wọ́n wọlé. Àmọ̀dá ò rántí ohun tí dókítà sọ lọ́jọ́ náà. Ètè yẹn nìkan ló gbé lọ sílé.

Bí ọkùnrin tí kò sin ẹja rí ṣe ní òun máa gbé òkun wọ pálọ̀ ní Ṣàngó nìyẹn.

Ṣùkúrát ní, "Bàbá mi, ṣé ẹja ni oògùn rọpárọsẹ̀ ni?"

Ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ ìyá rẹ ni, àbí èmi?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Owó tó ná sí i, ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ra gíláàsì, ó ra iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe omi òkun, ó ra ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri, ó ra bátìrì tí yóò gbé e bí iná bá lọ. Ayọ̀rìndé, ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ l'Ágége, ló bá a wá òkúta inú òkun. Inú kúlà ló gbé e sí, ó fi bébà títutù wé e.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kó gbẹ o. Ẹ tò ó sínú omi lónìí. Òun ló máa bá yín tún omi ṣe."

Àmọ̀dá ní òun ti gbọ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní ọmọ àná yìí ló fẹ́ wá kọ́ òun ní òkúta.

Bó ṣe tú bébà, ìríra ló ṣe é. Òkúta náà ń yọ̀, ó ń rùn, nǹkan pupa àti nǹkan aláwọ̀ ewé lẹ̀ mọ́ ọn, kòkòrò tín-ín-rín ń rá nínú ihò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tí kò gbé Ṣàngó ò ní mọ̀. Níhìn-ín, èéfín iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin kì í jẹ́ kí nǹkan mọ́. Aṣọ tí ẹ bá sá láàárọ̀, dúdú lẹ ó kó o wọlé. Fífọ̀ la fi ń gbé ilé ayé wa. Bíríkìlà sì tún ní òfin tirẹ̀: òkúta tó bá dọ̀tí kì í di nǹkan mú. Nítorí náà Àmọ̀dá da ọṣẹ ìfọṣọ sínú bàsíà, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì onírin, ó fọ òkúta bí ẹni fọ ìkòkò jíjóná. Ó fi ìṣó yọ kòkòrò inú ihò, ó fi omi kànga ṣàn wọ́n, ó sá wọn sóòrùn, ó sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò wọ́n nítorí èéfín. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n funfun báláú, inú rẹ̀ sì dùn.

Ẹ̀ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó tò wọ́n. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ lo sìmẹ́ǹtì, pé yóò ba omi jẹ́. Ó wá di pé kí òkúta di òkúta mú. Á gbé ọ̀kan, á yí i, á wá ibi mẹ́ta tó máa fẹsẹ̀ lé, torí ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Tó bá mì, á tú gbogbo rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀. Òkè Ìgbẹ́tì ló ń tò, èyí tó wà lẹ́yìn ilé bàbá Mùíbátù, níbi tí wọ́n ti pàdé. Ó gbé ṣóńṣó sápá òsì, ó ṣe àfonífojì sáàárín, ó fi òkúta pẹlẹbẹ kan gùn ún lórí, ó sì di ihò tí ẹja lè gbà kọjá. Nígbà tó parí, ó yí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀ kúrò lójú ògiri.

Ó ní, "Ìyá Ṣùkúrát, ilé yín nìyí."

Obìnrin náà wò ó. Ó wò ó pẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùkúrát ní òun gba bàbá òun gbọ́ wàyí.

Ẹja mẹ́ta ni wọ́n kó sí i, pupa onílà funfun méjì àti aláró kan. Ìdùnnú wọ ilé náà fún ọjọ́ díẹ̀. Àtòwúrọ̀ ni Mùíbátù ti ń fojú lé wọn, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tọ́ka. Lọ́jọ́ kan, ohùn fẹ́ẹ̀ jáde lọ́fun rẹ̀. Àmọ̀dá ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ẹja aláró fara ti igun gíláàsì, ó ń mí gúlegúle, ó sì kú. Àmọ̀dá yọ ọ́ kí ìyàwó rẹ̀ tó jí, ó ránṣẹ́ pe Ayọ̀rìndé. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo omi, ó wo òkúta.

"Bàbá, kí lẹ fi òkúta yìí ṣe?"

"Mo fọ̀ ọ́."

"Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ. Mo sì sá a sóòrùn."

Ayọ̀rìndé káwọ́ lérí. "Bàbá, òkúta ààyè ni. Àwọn nǹkan tójú ò lè rí ló ń gbé lára rẹ̀, àwọn ló ń jẹ ìdọ̀tí ẹja. Ẹ ti pa wọ́n tán. Ìgbẹ́ ara wọn làwọn ẹja yìí ń mí."

Àmọ̀dá béèrè bóyá ó ṣeé jí. Ayọ̀rìndé ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n yóò pẹ́, ẹja méjì tó kù ò sì lè dúró dè é. Ó ní kóun kó wọn lọ sọ́dọ̀ òun ná. Àmọ̀dá wẹ̀yìn, ó rí ojú Mùíbátù lára wọn. Ó ní rárá. Ẹ bá a wí bó bá wù yín. Bí wọ́n bá kó wọn lọ, kí ló kù tí obìnrin yẹn ó máa wò?

Ojoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ omi, tó ń po iyọ̀, tí ẹ̀yìn ń ro ó. Asán ni. Ọ̀kan nínú ẹja méjèèjì wọ inú ihò òkè, ó kú síbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ojú Mùíbátù là kedere. Àmọ̀dá ti ọwọ́ bọ inú omi láti yọ ọ́, apá rẹ̀ kan òkúta pẹlẹbẹ, òkè sì wó. Gbogbo rẹ̀ dà lé ẹja tó kù lórí. Ó ń hú òkúta kúrò tìwàrà-tìwàrà, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa rí ẹja náà, ó ti pẹ́ jù. Ayé sú u pátápátá. Ó dúró síbẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó rò pé Ṣùkúrát ló dé. Ó yíjú, kò rí ẹlòmíì, àfi ìyàwó rẹ̀ tó ń wò ó.

Mùíbátù ní, "Ó tó." Ohùn náà há, ṣùgbọ́n ó yé e. "Ó tó, Bàbá Ṣùkúrát. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Lẹ́yìn náà, Mùíbátù di ojú rẹ̀, ó ń mí jẹ́ẹ́.

Nígbà tí Ṣùkúrát gbé oúnjẹ dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó bá òkúta nílẹ̀ káàkiri, bàbá rẹ̀ ń fi korobá gbọ́n omi dànù. Ó béèrè bóyá màmá òun sọ nǹkan kan lónìí.

Àmọ̀dá ní, "Rárá."