Ibi Tí Ọmọ Ti Béèrè Omi

Ẹ má bi mí bóyá ọkọ mi mọ ìtàn sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ bi àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń gbé fíríìjì wá sọ́dọ̀ wa. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti òkìtì aṣọ ilé-ìwé wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, fíríìjì àwọn èèyàn sì tò sẹ́yìn títí dé ara ògiri. Ọkọ mi ló ń tún wọn ṣe, Oníyìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó bá ti ki orí bọ inú fíríìjì láti wá ibi tí gáàsì ti ń jò, ẹnu rẹ̀ kì í dúró mọ́. Á sọ ti èèrà tó kọ́lé sínú ṣúgà, á sọ ti ìbọ̀sẹ̀ tó sá kúrò lẹ́sẹ̀ olówó rẹ̀ nítorí òórùn. Àwọn ọmọ á jókòó sórí páálí, wọn á gbàgbé ilé. Èmi náà á dá ẹ̀rọ mi dúró kí ariwo rẹ̀ má baà bo ìtàn mọ́lẹ̀, aṣọ oníbàárà á sì pẹ́.

Àmọ́ bó bá yọ orí síta tó rí àgbàlagbà kan nítòsí, á dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìdákẹ́ yẹn.

Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ti pa ìtàn púpọ̀ sínú àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá sáré wọlé pé òun rí òṣùpá nínú garawa, Bàbá á wo ọmọ náà látòkè délẹ̀, á ní, "Kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀?" Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òṣùpá nínú garawa, ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n fẹ́ kó rí níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe ń gbé ìtàn mì bí ẹni ń gbé oògùn mì, títí ó fi dàgbà, tó fi hu irùngbọ̀n. Inú máa ń bí mi bí mo bá rántí.

Lọ́jọ́ kan, mo rí i lẹ́yìn fíríìjì tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fóònù. Mo yọjú wò ó. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Lẹ́yìn náà ńkọ́? Má jẹ́ kí n dúró pẹ́ o." Ara mi gbóná. Mo bi í pé ta nìyí, kí ló sì ń dúró dè. Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó ní gúrúùpù kan ni, ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn fún ọmọdé. Ó ní òun ń wá irú wọn kiri lórí fóònù ni òun fi kàn wọ́n, òun sì ti kọ ìdajì ìtàn ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́. Ibi tí ìbọ̀sẹ̀ sá lọ ni Nọ́ọ̀sì ń dúró dè.

"Ìbọ̀sẹ̀," mo ní.

"Ìbọ̀sẹ̀," ó ní.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà náà ló sọ ohun tó gba ẹ̀rín lẹ́nu mi. Ó ní látọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, kò sí àgbàlagbà kankan tó bi òun ní "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" rí.

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ kì í bi mí. O kàn máa ń dá ẹ̀rọ dúró ni."

Látọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ gúrúùpù yẹn láìkọ nǹkan kan. Òun á kà á sókè, èmi á máa ran ọwọ́ aṣọ. Nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Onítírélà náà wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń gbé ẹrù lọ sọ́nà jíjìn, tó ń ka ìtàn sínú fóònù ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ nílé. Àwọn yòókù ń wá, wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí kì í kúrò. Èèwọ̀ kan ni wọ́n ní: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ìtàn "dáa". Bí ẹnì kan bá fi ìtàn ránṣẹ́, o máa mú un, o máa kà á fún ọmọ kan, o máa wá sọ ibi tí ọmọ ti béèrè omi. Wọ́n ní òùngbẹ kì í gbẹ ọmọ tí ìtàn ń dùn mọ́. Ibi tó bá ti ní òun fẹ́ mu omi, ibẹ̀ ni ìtàn ti kú.

Ìtàn èèrà ni ọkọ mi kọ́kọ́ kọ parí. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé sí ìjọba. Nọ́ọ̀sì dáhùn pé, "Ìlà kejì. Gbogbo wọn béèrè omi, títí kan èyí tí dókítà ní kó má mu nǹkan kan." Onítírélà ní ọmọ tòun béèrè omi, ó mu ún, ó sì sùn lọ. Ọkọ mi pa fóònù. Ó ní gáàsì ni òun mọ̀, kí òun yáa dúró sídìí gáàsì.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tàn án. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fi ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́, ó ní àkọlé ni òun ṣì ń kà lọ́wọ́ tí wọ́n fi béèrè omi. Onítírélà ní tiẹ̀ kọ ọ́ pé, "Oníyìnyín, bí o ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ orí páálí tí o ròyìn fún wa ni kí o ṣe kọ ọ́. Ta ló ní kí o wọ kóòtù fún èèrà?" Ọkọ mi bọ́ kóòtù lọ́rùn èèrà. Nígbà tó tún fi ránṣẹ́, ọmọ kankan ò rántí omi títí ìtàn fi parí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Nígbà tó yá, Nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ ìtàn tuntun lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn, tí òun máa kà fún àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ajé kan báyìí. Ìtàn àkùkọ ni ọkọ mi kọ. Àkùkọ yìí ni ọ̀gá ọgbà. Bí òròmọdìẹ bá sáré wá pé òun rí òṣùpá nínú garawa, àkùkọ á ní, "Kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀?" Nígbà tó ṣe, àwọn òròmọdìẹ ò sọ nǹkan kan fún un mọ́. Lọ́jọ́ kan tí òjò dá, àkùkọ rí ẹ̀kán omi kan lórí ewé, gbogbo ọgbà wà nínú rẹ̀, ilé, igi, òun fúnra rẹ̀, gbogbo wọn dorí kodò. Ó sáré lọ sọ fún wọn. Àwọn òròmọdìẹ wo ara wọn, wọ́n ní, "Kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀?" Àkùkọ lanu, kò rí nǹkan kan sọ. Ó parí síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀ràn ṣe dé. Ọkọ mi fi ọwọ́ kan di ìgò gáàsì mú, ó fi ìkejì tẹ fóònù, ìtàn àkùkọ bá gba inú gúrúùpù ẹbí lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Kó tó pa á rẹ́, Bàbá ti kà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi àwòrán ẹ̀rín síbẹ̀, ó tún yára yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni Bàbá kọ tiẹ̀: "Ta ni àkùkọ yìí?"

Bàbá bá pe ọkọ mi lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ò ga, èyí tó burú ju igbe lọ. Ó ní kó yọ àkùkọ kúrò pátápátá, tàbí kó fi ìlà kan parí ìtàn náà: Ìtàn yìí kọ́ wa pé kí á máa bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó ní kí á wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, kí òun fojú ara òun rí i.

Ọkọ mi fẹ́ àlàáfíà. Ó fi ìlà náà sí i, ó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn òǹkọ̀wé, kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Kò pẹ́ tí èsì dé. Nọ́ọ̀sì ní òun kọ́kọ́ dán an wò lára ọmọ mélòó kan, gbogbo wọn dúró ti àkùkọ gbágbáágbá títí dé ìlà yẹn, ibẹ̀ ni omi ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan bi òun pé, "Kí la ṣe tó fi ń bá wa wí?" Onítírélà ní tiẹ̀ béèrè pé, "Ta ló fi ìlà yẹn síbẹ̀? Kì í ṣe ọwọ́ rẹ."

Ìgbà náà ni ọkọ mi tó ṣàlàyé. Mo rò pé wọn á ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, àwọn ò bá wọn dá sí i. Onítírélà kọ ọ́ pé, "A ò ní kí o rí bàbá rẹ fín o. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ ni. Ibi tó o bá dúró sí, ibẹ̀ la wà." Nọ́ọ̀sì ní bó bá wù ú kó gbé ìlà yẹn wá, òun á kà á bẹ́ẹ̀, òun á sì gbé ife omi dání. Ọkọ mi bá yọ ìlà náà kúrò.

Èmi ti múra ìjà. Mo ti to gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún Bàbá sílẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọkọ mi ní, "Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi."

Nínú pálọ̀ Bàbá, àga kì í kúrò lára ògiri. Ìwé tò láti orí èyí tó ga dé orí èyí tó kúrú, rúlà rẹ̀ àtijọ́ sì wà lórí tábìlì títí dòní. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti dé kí á tó dé. Ọmọbìnrin wa jókòó sórí ilẹ̀ láàárín wa.

"O ti yọ ọ́?" Bàbá béèrè.

"Mo ti yọ ọ́, sà."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Ìlà tí ẹ ní kí n fi sí i ni mo yọ. Àkùkọ ṣì wà níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Àbúrò mi, kí ló ń ṣe ọ́? Àwọn èèyàn orí fóònù tí o ò fojú rí rí, ṣé àwọn ló wá ju bàbá tó bí ọ lọ?"

"Wọn ò ju Bàbá lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n kàn gbọ́ mi ni." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, bí mo ṣe ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo jẹ̀bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀bẹ̀ nítorí àkùkọ. Mi ò sì ní kọ ẹ̀kọ́ sí i nídìí."

"Ìtàn tí kò lẹ́kọ̀ọ́, kí ni ọmọdé fẹ́ fi ṣe?"

"Ọmọdé nìyẹn nílẹ̀. Ẹ kà á fún un. Bó bá béèrè omi, màá pa á rẹ́ níṣojú yín."

Ọmọ wa yìí, bí ó bá rí omi nínú àwòrán, á ní òun fẹ́ mu. Ẹnu ti wá yun mí jù. Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ lóòótọ́. Tàgbàlagbà náà ò sì wọ kèrègbè." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wò mí bíi pé mo da omi sórí ibùsùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ayé rẹ̀ kàwé fọ́mọ, ẹ fi ìwé sí i níwájú kẹ́ ẹ ní kó má kà á. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ mi, ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tó dé ibi tí àkùkọ ti ní, "Kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀?", kò sí ìdí láti yí ohùn padà. Ọmọ wa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá kò dúró. Ó ka òṣùpá, ó ka ẹ̀kán omi, ó ka ibi tí àkùkọ ti lanu. Ìgbà náà ló yọ awò ojú.

Ẹnikẹ́ni ò béèrè omi.

"Mi ò fọwọ́ sí i," Bàbá ní.

"Mo gbọ́, sà. Bó ṣe wà yẹn náà ló máa lọ." Ọkọ mi gba fóònù, ó fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì níwájú bàbá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì o, kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ wa ti sún mọ́ orúnkún Bàbá. "Bàbá àgbà, ẹ̀yin náà ti rí nǹkan rí?"

Mo rò pé á ní kó lọ jókòó dáadáa. Ó wo rúlà orí tábìlì. Ó ní, "Pẹ́pẹ́yẹ kan ni." Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì ni, òun ò tíì hu irùngbọ̀n. Pẹ́pẹ́yẹ náà wọlé, ó gba àárín àwọn ọmọ kọjá, ó gun àga tíṣà, ó sì jókòó. Òun ò mọ ohun tí òun lè ṣe fún un. Òun wà lórí ìdúró, òun ń kọ́ wọn níṣirò, pẹ́pẹ́yẹ ń wo òun.

Bàbá dákẹ́ síbẹ̀. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ń retí kí wọ́n bá òun wí. Ìbéèrè náà sì ti dé orí ahọ́n mi, ìbéèrè tirẹ̀ gan-an, tí mo ti ń tọ́jú dè é láti ọdún púpọ̀ wá. Mo la ẹnu.

Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó gbé e sún mọ́ bàbá rẹ̀.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́, Bàbá?"