Okùn Àárín Àwọ̀n

Obìnrin kan sá àwọ̀n sórí ọgbà lẹ́yìn ilé mi ní Lásunwọ̀n ní Sátidé tó kọjá. Ọkọ rẹ̀ máa ń lọ pẹja lójú ọ̀sà. Bí ó bá ti dé, ìyàwó á sá àwọ̀n sínú oòrùn, òórùn rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá: òórùn ẹja, òórùn ẹrẹ̀, òórùn omi tó ti sùn mọ́ okùn lára. Àwọn ará ilé mi a máa ráhùn, èmi kì í ráhùn. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn àwọ̀n tútù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo tún dà, mo dúró láàárín òpó góòlù méjì ní Ẹ̀pẹ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Mojísọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ti pápá dé, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí kò bọ́ bàtà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ọmọ mi obìnrin ló bí i fún ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ Íbò, Ńkẹ́chì ni bàbá rẹ̀ sì ń pè é. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó wà nínú rẹ̀ ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò tó nǹkan, àwọn ọmọ Yorùbá lápá kan, àwọn ọmọ Íbò lápá kejì. Òun ni wọ́n ní kó wá bá àwọn parí ẹ̀, apá méjèèjì sì ń bi í léèrè ta ni tiẹ̀. Mo ní kó sún fún mi. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin èwe ìwòyí náà.

Ẹ̀pẹ́ tí ẹ̀ ń lọ ra ẹja yẹn, ẹ máa rò pé ìlú kan ni. Lójú wa nígbà náà, méjì ni. Ẹ̀pẹ́ Ìjẹ̀bú wà, Ẹ̀pẹ́ Èkó sì wà. Àwọn Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn ará Èkó tẹ̀lé ọba kan tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi dé, wọn ò sì padà mọ́. Ọba méjì, mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn kan náà là ń ṣe, ọ̀sà kan náà la sì ń jẹ. A máa ń fẹ́ ara wa, a sì máa ń bú ara wa, nígbà mìíràn lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ Èkó ni bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá mi. Nílé wa, bí ìyá mi bá fi Ìjẹ̀bú bú ewúrẹ́, bàbá mi á fi ohùn Èkó bá ewúrẹ́ náà kẹ́dùn.

Ojú Ọ̀sà ni a sọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa. Nínú gbogbo ohun tó wà ní Ẹ̀pẹ́, òun nìkan ni kò ní èkejì. Ọmọ Èkó ni Mùtáírù tó ń gbá iwájú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọmọ gíga kan tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbọ́n ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Sàká tó ń dí ẹ̀yìn, ọmọ kúkúrú tí kì í sọ̀rọ̀ tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Èmi ni kípà. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ohun gbogbo lọ ní ìrọ̀rùn àfi ọ̀rọ̀ àwọ̀n. Àwọ̀n ẹja la ń fi sí ẹ̀yìn òpó, àwọn àgbà Èkó sì ní àwọn ni yóò mú un wá, àwọn àgbà Ìjẹ̀bú ní kí ni àwọn fi ń pẹja, apẹ̀rẹ̀ ni? Wọ́n jiyàn títí, kí wọ́n tó fẹnu kò sí pé kí apá kọ̀ọ̀kan mú ìdajì wá. Ti Èkó á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti Ìjẹ̀bú á wà lọ́wọ́ òsì. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù tán, oníkálukú á tú tirẹ̀, á sì gbé e lọ sílé, àfi bí ẹni pé tí àwọ̀n méjèèjì bá sùn pọ̀, wọ́n á bímọ.

Ó wá di dandan pé kí ẹnì kan máa so àárín pọ̀, láti òkè dé ilẹ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ eré. Bí ọmọ Èkó bá so ó, Ìjẹ̀bú á ní ó ti gba àwọ̀n àwọn mọ́ tiwọn. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá so ó, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ni wọ́n bá ní èmi ni kí n máa ṣe é, torí ọmọ ilé méjèèjì ni mí. Wọ́n fún mi ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún apá pápá kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Mo máa ń ta kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo èèyàn á máa wò mí, èmi náà á máa ṣe bí ọ̀gá.

Ọdún tí a dé àṣekágbá ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹgbẹ́ kan láti Ìkòròdú la fẹ́ bá gbá a, ní pápá tiwa. A ò tíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ife. Bí a bá gbà á, ààfin ta ni yóò kọ́kọ́ wọ̀? Àwọn ará Èkó ní ọ̀dọ̀ àwọn ni, Mùtáírù ló gbá góòlù tó gbé wa débẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú ní orí ilẹ̀ ta ni pápá wà? Ẹran ṣì wà nínú igbó, wọ́n ti ń du orí rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn àgbà apá méjèèjì búra pé bí ife bá kọ́kọ́ lọ sí òdìkejì, àwọn á yọ àwọn ọmọ àwọn kúrò, kí oníkálukú dá ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. A mọ̀ pé bí Ojú Ọ̀sà bá fọ́, a ò ní jọ ṣeré mọ́ títí ayé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú eré, àbúrò bàbá mi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní bí a bá gba ife, èmi tí mo jẹ́ kípà ni kí n gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, kí n gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn, nítorí baba ló ni ọmọ. Mi ò tíì délé tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi dá mi dúró, òun náà ní kí n gbé e wá sọ́dọ̀ tiwọn, ó ní bí mo bá kọ̀, kí n má pe ara mi ní ọmọ ìyá mi mọ́. Mo ní ẹ̀hẹ́n fún ẹni àkọ́kọ́, mo ní ẹ̀hẹ́n fún ẹnì kejì. Inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, pápá kún. Àwọn ará Èkó dúró lápá kan, àwọn Ìjẹ̀bú dúró lápá kejì, mo sì rí i pé àwọn ọkùnrin kan ní apá méjèèjì mú àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́ wá. Ta ló ń wa ọkọ̀ lórí koríko? Bọ́lẹ̀kájà àwọn ará Ìkòròdú gba Ìtóìkín dé, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n wò wá, wọn ò sì mọ ohun tó ń ṣe wá. Oníkálukú gbé ìdajì àwọ̀n tirẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì. Mo lọ so èyí tó wà ní apá ìlú. Nígbà tí mo dé èyí tó wà ní apá ọ̀sà, mo wo àlàfo àárín náà, mo wo àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, mo sì ki okùn sí àpò ṣòkòtò mi. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé kí wọ́n so ó fúnra wọn lónìí. Apá Èkó rò pé mo ti so ó, apá Ìjẹ̀bú náà rò bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣọ́ ibẹ̀, kò sì sí bọ́ọ̀lù tó kọjá mi. Lẹ́yìn ìsinmi, a pààrọ̀, kípà Ìkòròdú bọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì gbá góòlù. Nígbà tó kù díẹ̀, Sàká gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, ó gbá a sí Mùtáírù, Mùtáírù yí ọkùnrin kan po, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti òdìkejì pápá tí mo wà, mo rí i pé ó wọlé. Ó wọlé, ó gba àlàfo àárín àwọ̀n kọjá, ó sì ń yí lọ sí etí omi.

Olùkọ́ kan láti Ẹ̀jìnrìn ni rẹfirí. Oòrùn wà lójú rẹ̀, ó rí bọ́ọ̀lù lẹ́yìn òpó, ó rí àwọ̀n tí kò mì, ó ní ìta ló gbà. Gbogbo pápá dìde. Ẹnì kan rí àlàfo náà, ó ní àwọn Ìjẹ̀bú ló tú u kí ọmọ Èkó má baà gbá góòlù. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé àwọn Èkó ló tú u kí wọ́n lè rí ẹ̀sùn fi kan àwọn. Àwọn àjẹ̀ gòkè. Mo rí àbúrò bàbá mi níwájú ọ̀wọ́ kan, mo rí ẹ̀gbọ́n ìyá mi níwájú èkejì, wọ́n sì ń sún mọ́ ara wọn.

Mo sáré. Mi ò tíì sáré bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì sáré bẹ́ẹ̀ mọ́ títí di òní. Nígbà tí mo dé àárín wọn, mo fa okùn náà yọ, mo gbé e sókè.

“Okùn náà rèé,” mo ní. “Kò sẹ́ni tó tú nǹkan kan. Èmi ni mi ò so ó.”

Ni apá méjèèjì bá dojú èébú kọ mí, wọ́n sì bú mi ní ìṣọ̀kan tí Ẹ̀pẹ́ kò tíì ní irú rẹ̀ rí. Àmọ́ àwọn àjẹ̀ wálẹ̀. Rẹfirí ní ohun tí ojú òun kò rí, òun ò lè fọn fèrè sí i. Ó ní kí n so àwọ̀n kí eré lè tẹ̀ síwájú. Kípà Ìkòròdú ló wá bá mi di etí àwọ̀n méjèèjì mú tí mo fi ta kókó náà tán. Láìpẹ́, àwọn Ìkòròdú gbá ọ̀kan wọlé mọ́ mi, ife náà sì bá bọ́lẹ̀kájà padà sí Ìkòròdú. Mùtáírù kọjá lára mi láìwojú mi.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò jáde nílé. Mo rò pé ẹgbẹ́ ti fọ́, mo sì rò pé mi ò ní ọ̀rẹ́ mọ́. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Àárọ̀ Sátidé kejì ni Mùtáírù àti Sàká wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi, wọ́n gbé àwọ̀n tó wà ní apá ọ̀sà rù, ìdajì méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú abẹ́rẹ́ àwọ̀n tirẹ̀ dání. Wọ́n jókòó sílẹ̀ láìkí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun àárín náà pọ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan, Sàká láti ìsàlẹ̀, Mùtáírù láti òkè. Mo na ọwọ́ pé kí n bá wọn ṣe é. Mùtáírù ti ọwọ́ mi sẹ́yìn.

“Gbogbo wa là ń gbá bọ́ọ̀lù,” ó ní, “ìwọ nìkan là ń ní kó máa so wá pọ̀. Àwa la jẹ̀bi. Jókòó.”

Àwọ̀n náà kò ṣeé pín mọ́. Àwọn àgbà bínú títí, ó sì rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n béèrè ibi tí yóò máa sùn, ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun ni, ó sì sùn síbẹ̀ títí a fi dàgbà kúrò ní pápá. A ò gba ife kankan. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ààfin tí ì bá kọ́kọ́ wọ̀.

Ní òde òní, ọjà ni wọ́n ti ń ra àwọ̀n bọ́ọ̀lù, odindi ni, kò sì ní òórùn kankan. Mùtáírù kú ní àsìkò òjò tó kọjá. Nígbà tí a sìnkú rẹ̀ tán, Sàká dì mí lọ́wọ́ mú, arúgbó méjì lẹ́bàá sàréè. Àárò Mùtáírù ń sọ mí.

Mojísọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ̀yin ò wá so nǹkan kan nínú ẹ̀ rárá?” Mo ní rárá, wọn ò jẹ́ kí n so ó.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọmọbìnrin méjì dé ẹnu géètì wa, ọ̀kan láti apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn wá gbọ́ èsì. Mo gbọ́ ohùn Mojísọ́lá láti ojú fèrèsé.

“Mi ò ní èsì kankan,” ó ní. “Ẹ̀yin méjèèjì ẹ wọlé, ẹ jókòó, kí ẹ bá ara yín sọ ọ́.”

Mo gbé àpótí méjì jáde fún wọn, mo sì padà sínú ilé.