Èéjì Ìyàwó Ọ̀ṣìngín

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yin èéjì lójú mi, inú máa ń bí mi títí dòní.

Lẹ́yìn ogun Biafra ni wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlobù. Iṣẹ́ mi ni kí n ha ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ ara eyín kúrò, kí n sì kọ́ àwọn èèyàn bí orín wọn yóò ṣe máa dé kọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. N kò bá wọn jà sí i.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ìgbéyàwó ọmọ náà kù fẹ́ẹ́rẹ́, Ìfọ́n ni ilé ọkọ rẹ̀. Ìyá yìí ní èéjì tó fẹ̀ dáadáa, ó sì mọ̀ pé òun ní i. Kò sí ohun tí kì í rẹ́rìn-ín sí.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣàánú mi. Wọ́n ní ẹ ní irin tí ẹ fi ń ha eyín. Ẹ bá mi pa èéjì fún ọmọ yìí. Ṣé bí yóò ṣe lọ bá wọn nílé ọkọ nìyí?"

Mo yẹ ẹnu ọmọ náà wò. Eyín rẹ̀ funfun báláú, kò sí ọ̀kan tó ṣe nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù mi.

"Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Ẹ̀mí wà nínú eyín. Bí irin bá dé ibẹ̀, eyín yóò kú."

Ó kọ etí ọ̀gbọin sí mi. Ọmọ náà wojú mi, ó wojú ìyá rẹ̀. Ta ló bi í léèrè ohun tó fẹ́?

Alágbẹ̀dẹ góòlù kan ló bá wọn pa á. Fáìlì irin tó fi ń dán òrùka ló tì bọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu! Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà wá, ètè ọmọ náà wú, ọyún ń jáde lókè eyín iwájú. Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, inú ń bí mi. Mo ní kí wọ́n máa lọ bá dókítà eyín ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ eyín iwájú méjèèjì tí alágbẹ̀dẹ ha.

Ìyá náà tún wá bá mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pè mí ní "ẹ" mọ́.

"Ìwọ lo fà á! Bí o bá ti ṣe é nígbà tí mo bẹ̀ ọ́, ṣé ọmọ mi ì bá bọ́ sọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ?"

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbè é. Àgbà ni. Mo gbé ìbínú náà mì, kò sì tíì dà nínú mi.

Ó pẹ́ kí n tó tún rí wọn, lọ́jà Ìfọ́n. Ọmọ ọjọ́sí ti di ìyàwó, ó pọn ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sẹ́yìn. Ó kí mi, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ sì fi ìka ká ètè ọmọ ẹ̀yìn náà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Eyín tèyí náà tún fún mọ́ra o. Bó bá dàgbà, a óò bá a tún un ṣe."

Ìyàwó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ kúrò lẹ́nu. Àlàfo dúdú náà hàn ketekete sí gbogbo ọjà.

"Màmá," ó ní, "ẹ ò ní fọwọ́ kan tèyí."