Ihò Ara Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ogójì ọdún ni Bàbá Eleuterio ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì San Jacinto. Lọ́dọọdún làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọkọ̀ láti Morelia wá wo ìlú àtijọ́ náà, bàbá á sì fi ihò kan hàn wọ́n lára ilẹ̀kùn.

“Ọta ìbọn ogun òmìnira ló ṣe é.”

Irọ́ ni.

Lọ́dún yìí, Mísì Ximena ló kó wọn wá. Òun náà ti wá rí, nígbà tó wà lọ́mọdé.

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀,” ó ní fáwọn ọmọ nígbà tí bàbá sọ ti ọta náà tán. “Ó máa jáde nínú ìdánwò.”

Bí bàbá bá dákẹ́, irọ́ rẹ̀ máa wọ ìdánwò. Bó bá sọ̀rọ̀, ojú á tì í.

Ọmọbìnrin kan ti ìka bọ ihò náà. “Bàbá, káfíńtà ni bàbá mi o. Ọta wo ló ń dá igi lu rógódó báyìí?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá họ orí.

“Èmi ni mo dá a lu, ọmọ mi. Kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́ fi síbẹ̀, mo wá ṣì í wọ̀n.”

Mísì Ximena ya ẹnu. “Bàbá! Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni mo gbà lórí ihò yìí!”

“Mú un dání,” bàbá ní. “Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ.”