Ìyá Tí A Ò Ka Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Tán

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fọ́nnu ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Marietta, ní Amẹ́ríkà níbí, pé ilé-ẹjọ́ àgbáyé tí mo ń ṣe ògbufọ̀ fún lórí fóònù ní Sátidé, kò sí olóṣèlú tó lè pàṣẹ fún un. Òmùgọ̀ ni mí, àmọ́ inú mi ń dùn.

Ìyá kan ni mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó ń ta aṣọ ní orílẹ̀-èdè míì nílẹ̀ Áfíríkà, níbi tí àwọn ṣọ́jà ti pa ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́rìí, ó ní, "Ọmọ ta ni ẹ́? Mi ò lè ro ikú ọmọ mi fún ẹni tí mi ò mọ orírun ẹ̀." Mo dárúkọ ìlú bàbá mi, ó kì mí, orí mi wú. Ló bá ní kí n fún òun ní nọ́ńbà mi. Òfin iṣẹ́ ní kí n má fún un, àmọ́ ta ló máa sọ pé rárá fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kì mí lóríkì tán? Mo fún un. Mo tún ṣèlérí pé màá ka gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un kó tó tẹ̀ka sí i, tòun ti oríkì àwọn ọmọ náà, Àkànní àti Àlàó. Bí kò bá tíì tẹ̀ka, ìwé lásán ni.

A ti ka ìdajì nígbà tí ilé-ẹjọ́ náà lọ fẹ̀sùn kan ọ̀rẹ́ àwọn alágbára ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Inú bí ìjọba níbí, wọ́n ní ará ilẹ̀ yìí tó bá tún ran ilé-ẹjọ́ náà lọ́wọ́ lè fẹ̀wọ̀n jura. Ẹjọ́ ìyá yìí ò sì sí nínú ohun tó ń bí wọn nínú rárá o! Ọ̀gá tó ń darí ẹjọ́ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbé fáìlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́yà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fà mí sẹ́yìn: "Aunty, ẹ má gbé fóònù ìyá yẹn mọ́ o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Ìyá pè. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, mi ò gbé e, mò ń sunkún. Ó pè ní Sátidé kejì, ó pè ní ìkẹta. Nígbà tó yá, ó fi ohùn sílẹ̀: "Ọmọ mi, iṣu atẹnumọ́rọ̀ kì í jóná, mo ṣì wà níbí. Àbí ara ẹ ni ò yá? Mò ń gbàdúrà fún ẹ."

Mo lọ́mọ, mo nílé, ẹ̀rù bà mí. Bó ṣe rí nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí kò pè mọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Títí dòní, bí Sátidé bá mọ́, mo máa ń dúró ní ilé ìdáná, màá ka ìdajì ọ̀rọ̀ ìyá tí a ò tíì kà, bí mo ṣe rántí rẹ̀, Àkànní, Àlàó, màá kà á sókè dé òpin. Kò sí ẹni tó máa tẹ̀ka sí i.