Ibi tí a kọjú iná ńlá wa sí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó!

Lónìí ni oníṣẹ́ iná wá fi iná ńlá, irú ti pápá bọ́ọ̀lù, sílé wa ní Okitipupa. Akin ọkọ mi ní kó kọjú ẹ̀ sí géètì, kí àdúgbò lè mọ̀ pé àwa la kọ́kọ́ ní in.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ṣubú nínú òkùnkùn lọ́nà kànga ẹ̀yìnkùlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní, "Akin, ṣé géètì ló ṣubú ni?"

Oníṣẹ́ iná bú sẹ́rìn-ín. Akin ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ."

Nígbà tí wọ́n mú iná wá nírọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀yìnkùlé mọ́lẹ̀ kedere! Màmá dá gbé korobá, wọ́n pọnmi dé torin-torin.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń pàṣẹ nílé yín?