Omi Ọyàn Tí Kò Rí Ọmọ Mu Ún

Òórùn àpáta tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìwọ tí o ti gbé ẹ̀bá òkè Dásà rí mọ ohun tí mò ń sọ: bí oòrùn bá ti yan àpáta láti àárọ̀, tí òjò ọ̀sán wá rọ̀ lé e, èéfín tín-ín-rín kan a gbéra lára rẹ̀, a sì máa rùn bí ìkòkò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí. Ilé wa ní Gbaffo kọ ẹ̀yìn sí irú àpáta bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé náà, láàárín àpáta àti igi kajú ọkọ mi, ni mo dúró sí ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, tí mo tú aṣọ àyà mi, tí mo sì ń fún omi ọyàn mi sílẹ̀ fún èèrà.

Mo mọ̀ pé ó ń yà ọ́ lẹ́nu. Fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi àkọ́kọ́ ni, ọkùnrin. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò láyé. Èémí rẹ̀ kò já gaara láti ìgbà tí mo ti bí i, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin sì mọ́, ó ti lọ. N kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí di òní. Nílé tiwa, wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ̀, wọn kì í sì í dá ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ mọ́, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ń pè é kò ní jẹ́ kí òmíràn ráyè wá. Ìyá ọkọ mi ló gbé e jáde. Òun náà ló padà wọlé, ó fọ ọwọ́, ó ní kí n jókòó kí n jẹun. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò tíì pé, nítorí náà n kò tilẹ̀ ní orúkọ tí mo lè fi sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún ọmú mi pé ọmọ ti kú. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sin ín, omi ọyàn ya dé. Àyà mi le, ara mi gbóná, gbogbo iwájú aṣọ mi sì rin gbindin.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, má fi ojú ìyá ọkọ inú ìtàn wò ó. Òun náà ti pàdánù ọmọ méjì nígbà èwe rẹ̀, ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí. Ó fi ọ̀já dì mí láyà títí n kò fi lè mí dáadáa, ó ń fi aṣọ tí ó rì sínú omi tútù lé e lórí. Nígbà tí ìyẹn kò ṣe é, ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó nawọ́ sí ilé èèrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Ó ní, "Fún un sí wọn. Bí èèrà bá ti tọ́ ọ wò, yóò gbẹ." Gbogbo obìnrin àdúgbò wa ló mọ èyí. Ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ kò jẹ́ jẹ́ kí omi ọyàn rẹ̀ kán sí ọ̀nà èèrà, nítorí ìdí yìí náà ni.

Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fún un sílẹ̀, àwọn èèrà sì tò jáde, wọ́n ń mu ohun tí ara mi fi oṣù mẹ́sàn-án pèsè. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àárọ̀ mẹ́ta. Ní àárọ̀ kẹta, inú bí mi sí wọn. Mo bínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ẹsẹ̀ tú ilé wọn ká, àwọn náà sì gé mi jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀ bó ti tọ́ sí mi. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀, mo sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọ náà ti kú.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gun sẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, lọ sí ilé ìwòsàn láti lọ gba oògùn tí yóò gbẹ omi ọyàn. Ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò mímọ́ àwọn Kátólíìkì sí Arigbo, ojú ọ̀nà kún fún èrò tí wọ́n wọ aṣọ aláwòrán Màríà, wọ́n ń kọrin, ọlọ́kadà tó gbé mi sì ń fọn fèrè mọ́ wọn lẹ́yìn láìsinmi. Gbogbo wọn ló ń lọ bẹ̀bẹ̀ nǹkan lọ́wọ́ ìyá kan. Èmi ò ní nǹkan kan láti bẹ̀bẹ̀ fún, oògùn ni mo fẹ́.

Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí mi ló wà níbi iṣẹ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yá, kì í sì í wo ojú ènìyàn pẹ́. Ó mú oògùn náà jáde láìbi mí ní nǹkan kan, ó nà án sí mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dì í mú, òun náà kò fi í sílẹ̀.

Ó ní, "Tìrẹ ni, n kò ní fi dù ọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, gbọ́ mi ná. Ọmọ kan wà ní yàrá kejì."

Oṣù ọmọ náà kò pé tí wọ́n fi bí i, obìnrin ni. Ẹ̀jẹ̀ ti dà lára ìyá rẹ̀ jù, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́nà jíjìn. Ìyá àgbà rẹ̀ ló kù tì í. Wọ́n fún un ní mílíìkì inú agolo, ikùn rẹ̀ wú, ó ń bì í jáde. Agbẹ̀bí ní bí kò bá rí omi ọyàn gidi mu láàárín ọjọ́ náà sí ọjọ́ kejì, òun ò lè fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀.

Mo ní ó dáa. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, n kò tilẹ̀ rò ó. Àwọn ènìyàn ti gbìyànjú láti sọ mí di ẹni mímọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kì í gbà fún wọn. Kì í ṣe àánú ló ṣe mí. Ọmú ń dùn mí, n kò sì fẹ́ rí èèrà mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, mo fọ ọwọ́ mi, mo fún omi ọyàn sínú ife. Agbẹ̀bí gbé ife náà sínú omi gbígbóná kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, títí ọkàn òun fúnra rẹ̀ fi balẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ sí yàrá kejì ni ó fà mí lápá.

Ó ní, "Ìyá àgbà ọmọ yẹn yóò bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Má sọ fún un pé ọmọ rẹ kò sí. Sọ pé ó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ."

"Nítorí kí ni?"

"Ìwọ náà mọ̀."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Wọ́n máa ń sọ pé omi ọyàn ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú a máa fa ọmọ tó bá mu ún lọ bá èyí tó kú. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni wọ́n fẹ́ fún ní irú rẹ̀, bóyá èmi náà ì bá gbé e sá lọ.

Ìyá àgbà náà jókòó sórí ẹní. Mùsùlùmí ni, ó ń ta abọ́ àti korobá ní ọjà Dásà. Ó ti fi ọmọ náà sí àyà rẹ̀ lábẹ́ ìró kí òtútù má baà mú un, orí rẹ̀ kékeré nìkan ló yọ síta. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú sí ìbéèrè mi. Nínú ẹ̀sìn tiwa, bí ọmọ yìí bá mu ọmú rẹ, o ti di ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ tí o bí ti di ọmọ ìyá rẹ̀, kò lè fẹ́ ọ̀kankan nínú wọn láéláé. Ẹbí ni. Mi ò lè fún un ní ti ẹni tí mi ò mọ̀. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo sọ orúkọ bàbá mi, mo sọ ilé ọkọ mi. Ó mi orí, ó ní òun mọ bàbá ọkọ mi, ó máa ń ra korobá lọ́wọ́ òun. Ó wá bèèrè pé, "Ọmọ tìrẹ ńkọ́?"

Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Agbẹ̀bí ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá lanu sọ pé ọmọ mi wà nílé, mo mọ̀ pé mo máa délé, mo sì máa wá a.

Mo ní, "Ó ti kú, màmá. Ó di ọjọ́ márùn-ún lónìí."

Ó fa ìró bo orí ọmọ náà. Ó dìde, ó gbé e jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. Agbẹ̀bí bojú wò mí. Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ife wà lọ́wọ́ mi, ó ń tutù. Mo ń ronú pé mo ti fi ẹnu ara mi pa ọmọ kejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àti pé ta ni òtítọ́ mi ṣe láǹfààní bí kì í bá ṣe èmi nìkan? Ẹ̀ẹ̀mejì ni agbẹ̀bí gba ife náà lọ tún gbé e sínú omi gbígbóná. Ní ìta, a ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Nígbà tó wọlé padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Ó ń ké, ohùn ò jáde mọ́." Ó jókòó. "Àìsàn ló pa ọmọ rẹ, ọmú rẹ kọ́. O lè purọ́ fún mi, o ò purọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó jẹ́ ìyá rẹ̀. Bísímílà. Ẹ gbé e wá."

Ike abẹ́rẹ́ tí kò ní abẹ́rẹ́ lórí ni wọ́n fi ń kán an sí i lẹ́nu, ẹ̀kán kan lẹ́yìn ẹ̀kán kan. Gbogbo wa ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì. A dúró kí ó bì í, kò bì í. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó tún mu òmíràn. Nígbà tí mo padà sílé, oògùn náà wà lórí tábìlì agbẹ̀bí, n kò rántí mú un.

Ìyá ọkọ mi bínú sí mi fún ọjọ́ méjì. Ó ní mo ń fi ọwọ́ ara mi dí ọ̀nà ọmọ tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá ìgò tí mo ń fún omi ọyàn sí lórí àpáta, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti sè wọ́n nínú omi gbígbóná, ó dojú wọn dé sórí aṣọ mímọ́. Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń fi alùpùpù gbé omi ọyàn náà lọ sí ilé ìwòsàn kó tó lọ sí oko iṣu rẹ̀, wọ́n á sì tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú fìrígò, ẹ̀rọ amóhuntutù, níbẹ̀. Kí oṣù tó pé, ìyá ọmọ náà padà dé, ó rù, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, díẹ̀díẹ̀ ni omi ọyàn tirẹ̀ náà sì dé. Nígbà náà ni tèmi gbẹ, láìsí oògùn.

Láti ìgbà yẹn, mo ti bá àwọn obìnrin mìíràn pàdé tí wọ́n fún ọmọ ọlọ́mọ ní omi ọyàn, mo sì máa ń bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Ọ̀kan ní tòun pọ̀ jù, òun ò sì lè da oúnjẹ nù. Òmíràn ní òun gbọ́ igbe ọmọ náà láti orí bẹ́ẹ̀dì òun, oorun kò wá mọ́. Ọ̀kan kàn rẹ́rìn-ín, ó ní agbẹ̀bí ló bẹ òun, ta ló fẹ́ kọ̀ fún agbẹ̀bí? Kò sí ọ̀kan tó dáhùn bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn ṣe kọ ọ́. Èmi náà kò mọ̀dí tèmi gan-an títí ọdún mẹ́fà fi kọjá.

Mo ti bí ọmọ mìíràn nígbà náà, ọkùnrin, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá àgbà náà wá sí Gbaffo pẹ̀lú ọmọbìnrin náà, wọ́n ru abọ́ tuntun wá fún mi. Ó ní ọmọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ó yẹ kí ó mọ ẹbí rẹ̀ kí àṣìṣe má baà ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ó mú àwọn ọmọ méjèèjì jókòó sórí ẹní kan náà. Ó ní, "Àbúrò rẹ nìyí. Ẹ ò lè fẹ́ra yín." Ọmọ mi ń fi ìka ro imú. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Màmá, ẹni yìí ò tíì dájú sọ ẹnikẹ́ni." Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ó tún sọ fún ọmọbìnrin náà pé, "Ẹ̀gbọ́n yín kan tún wà, ọkùnrin. Òun ló ni omi ọyàn tí o mu tí o fi yè. Kò sí láyé mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín ni. Máa fi í sínú àdúà rẹ."

Ọkọ mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà, kò sí ẹni tó pe ọmọ yẹn ní nǹkan kan nínú ilé wa, àfi bí ẹni pé n kò lóyún rí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára: ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ìgbà yẹn ni pé kí ẹnìkan sọ pé ọmọ mi wà rí. Ọmọbìnrin náà yíjú sí mi, ó bèèrè bí ọmọdé ṣe ń bèèrè pé, "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo yíjú sí ọkọ mi.

"Jóṣẹ́ẹ̀fù."

Ìyá ọkọ mi ló dáhùn. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ iṣu, kò sì gbé ojú sókè. "Nígbà tí mo rí i pé kò ní dúró, mo bu omi sí i lórí ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Jóṣẹ́ẹ̀fù ni mo pè é. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí fún èyí tó kù." Ó ń bẹ iṣu náà lọ. Ọmọbìnrin náà pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí àbúrò rẹ̀ pè é, òun náà sì pè é.

Agbẹ̀bí yẹn ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ipò rẹ̀ ṣì máa ń rán obìnrin sí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ọmọ rẹ̀ kú, tí àyà rẹ̀ kún. N kì í wàásù fún wọn. N kì í sọ pé yóò mú ìbànújẹ́ kúrò, nítorí kò mú tèmi kúrò. Mo máa ń jókòó tì wọ́n, mo máa ń bèèrè orúkọ ọmọ náà. Bí kò bá ní orúkọ, a ó jọ wá ọ̀kan fún un, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ìgbà tí ìyá náà bá ti pè é jáde lẹ́nu ni mo tó máa ń gbé ife tí yóò fún omi ọyàn sí wá.